Owó, Èébú àti Kóríyá: Kí Ló Ń Mú Ọmọ Tẹra Mọ́ Bọ́ọ̀lù àti Ìwé?

Nígbà tí àwọn Super Falcons lọ sinmi ní ìdajì àṣekágbá tí wọ́n gbá ní Rabat, ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2025, góòlù méjì sí òdo ni Mòrókò fi ń nà wọ́n. Nígbà tí fèrè ìkẹyìn máa fi dún, ó ti di mẹ́ta sí méjì, Nàìjíríà sì ti gba ife-ẹ̀yẹ àwọn obìnrin ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà kẹwàá. Nígbà tó di ọjọ́ 28, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kí wọn káàbọ̀ sí Àbújá, ó sì kéde owó náírà tó tó 100,000 dọ́là fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú fúláàtì oníyàrá mẹ́ta àti oyè OON. Àwọn gómìnà náà fi mílíọ̀nù 10 náírà kún un fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Láti ìgbà náà ni iyàn ti wà nílẹ̀ ní Èkó. Ní ìdí àwọn oníwèé ìròyìn, níbi táwọn èèyàn ti ń ka àkọlé lófẹ̀ẹ́ láàárọ̀, àwọn kan ní owó ló ń mú ẹsẹ̀ yá: ẹ tú owó sílẹ̀, ẹ ó rí góòlù. Àwọn kan ní owó ló ba bọ́ọ̀lù wa jẹ́, pé ìfẹ́ ìlú ẹni ló yẹ kó máa ti èèyàn. Nígbà tó tún di oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, àwọn Super Eagles kọ̀ láti jáde fún ìgbáradì ní Mòrókò, ní ọ̀sẹ̀ gan-an tí wọ́n fẹ́ bá Gabon figagbága nítorí Ife Àgbáyé, torí pé wọ́n jẹ wọ́n ní owó àjẹmọ́nú. Iyàn náà bá tún ràn.

Lójú tèmi, tọ̀tún tòsì ló da ohun mẹ́ta pọ̀ mọ́ra wọn. Ẹ̀tọ́ wà: owó tí a ti bá èèyàn ṣàdéhùn lé lórí, tó sì ti ṣiṣẹ́ fún un. Ẹ̀bùn wà: ohun tí a fún un lẹ́yìn tó ti ṣe é tán, tí kò retí. Ìdẹ sì wà: bí o bá ṣe báyìí, màá fún ẹ ní báyìí. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí àwọn onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá ti ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí, ohun tí wọ́n sì rí ni pé bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́kàn èèyàn yàtọ̀ síra gidigidi. Àwọn ọmọ tó wà lórí pápá àti ní kíláàsì lẹ́sìnnì káàkiri Èkó ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù, ju àwọn tó ti dé Rabat lọ, torí pé ojoojúmọ́ la fi ń fi ìdẹ fà wọ́n tàbí ká fi èébú tì wọ́n.

Ní ọdún 1973, Mark Lepper, David Greene àti Richard Nisbett gbé iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n ṣe ní ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ṣa ọmọ 51, ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, àwọn tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti ní kí wọ́n máa ṣeré, àwòrán yíyà ni wọ́n ń sáré lọ bá fúnra wọn. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Wọ́n ṣèlérí fún àwọn àkọ́kọ́ pé bí wọ́n bá yàwòrán, wọ́n máa gba ìwé ẹ̀rí tó ní ríbọ́ọ̀nù. Wọn ò sọ nǹkan kan fún àwọn ìkejì, àfi ìgbà tí wọ́n yàwòrán tán tí wọ́n ṣàdédé rí ìwé ẹ̀rí kan náà gbà. Àwọn ìkẹta yàwòrán tiwọn, wọn ò gba ohunkóhun. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, wọ́n tún kó bírò aláwọ̀ tí àwọn ọmọ fi yàwòrán síta ní kíláàsì láìṣèlérí fún ẹnì kankan, wọ́n wá ń ṣọ́ àwọn ọmọ náà láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Àwọn tí kò gba nǹkan kan lo ìdá 16.7 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò wọn nídìí àwòrán. Àwọn tí ẹ̀bùn bá lójijì lo 18.1. Àwọn tí wọ́n ṣèlérí fún, 8.6 péré.

Ọmọ tó ń yàwòrán torí pé ó wù ú ti wá di ẹni tó ń yà á torí ìwé ẹ̀rí. Ìgbà tí ìwé ẹ̀rí kásẹ̀ nílẹ̀, ìfẹ́ àwòrán bá a lọ. Ọdún méjì ṣáájú ìyẹn ni Edward Deci ti rí ohun tó jọ ọ́ lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì: ó san dọ́là kọ̀ọ̀kan fún àwọn kan lórí àdììtú kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tú, nígbà tí owó sì dúró, àwọn wọ̀nyí ni kò wù mọ́ láti fọwọ́ kàn án bí wọ́n bá dá wà nínú yàrá.

Ẹ wá fi èyí wo ọ̀rọ̀ àwọn Falcons. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn àṣekágbá ni 100,000 dọ́là yẹn wọ ọ̀rọ̀, kò lè jẹ́ òun ló gbá góòlù mẹ́ta wọlé. Ẹ̀bùn ni, ẹ̀bùn irú ìyẹn kì í sì í ba ìfẹ́ eré jẹ́. Ti àwọn Eagles, ẹ̀tọ́ ni. Ẹni tí wọ́n jẹ lówó kì í ronú bọ́ọ̀lù, owó tí wọ́n jẹ ẹ́ ló ń rò. Kí ìjọba àti àjọ bọ́ọ̀lù san ẹ̀tọ́ lásìkò tó bá pé, kí ọ̀rọ̀ owó má tún sí nínú yàrá ìmúra mọ́, ìyẹn ló ń jẹ́ kí eré rójú gbé ọkàn. Ẹni tó bá ń pe ìyẹn ní ojúkòkòrò kò ṣe dáadáa sí àwọn ọmọ yẹn.

Kí ló wá ń mú èèyàn ṣe nǹkan nígbà tí kò sí owó ńlẹ̀ rárá? Ẹ lọ sí òpópónà kan ní Ìta Fájì tàbí Lafiaji ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ọkọ̀ ò tíì pọ̀. Òkúta méjì níhìn-ín, òkúta méjì lọ́hùn-ún, mọ́ńkì póòsì ti dúró. Bọ́ọ̀lù fẹlẹlẹ ni. Gólì ti bọ́ sílípáàsì kúrò lẹ́sẹ̀, ó ti kì í bọ ọwọ́ kó lè rí nǹkan fi gba bọ́ọ̀lù. Sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta mìíràn ń dúró lẹ́bàá gọ́tà, ẹni tó bá jẹ góòlù méjì á kúrò. Ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọdún mẹ́wàá lọ ń gbìyànjú láti ti bọ́ọ̀lù kọjá láàárín ẹsẹ̀ ẹni tó jù ú lọ. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún dán an wò, wọ́n tún gbà á. Ìgbà tó wá ṣẹ́ ẹ, gbogbo àwọn tó wà lẹ́bàá gọ́tà fò sókè, títí kan àwọn tí kì í ṣe sẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Kò sí akọ́nimọ̀ọ́gbá níbẹ̀, kò sí ife-ẹ̀yẹ, kò sẹ́ni tó ń ka máàkì. Bí òòrùn bá mú, wọ́n á ṣì wà níbẹ̀.

Deci àti Richard Ryan, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Rochester, ti ń ṣàlàyé irú nǹkan báyìí láti bí ọdún 1985. Wọ́n ní ohun mẹ́ta ni ọkàn ń fẹ́ kó tó lè tẹra mọ́ iṣẹ́ láìsí pàṣán: kí èèyàn mọ̀ pé òun lòun fẹ́ ẹ, kí ó máa rí i pé ọwọ́ òun ń mọ̀ ọ́n sí i, kí ó sì wà láàárín àwọn tó ka òun sí. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà ní òpópónà yẹn. Ọmọ náà ló yan sẹ́ẹ̀tì tó wù ú àti àrà tó fẹ́ dá. Ìdáhùn kò pẹ́ dé: bó bá tọ̀nà, bọ́ọ̀lù á kọjá, bí kò bá tọ̀nà, wọ́n á gbà á. Ariwo àwọn tó wà lẹ́bàá gọ́tà sì sọ fún un pé òun jẹ́ ẹnì kan níbẹ̀.

Bí ọmọ kan náà bá wá wọ akádẹ́mì kan ní Súrùlérè tàbí Agége, àyíká lè yí padà. Mi ò sọ pé gbogbo akádẹ́mì ló rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n níbi tó pọ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ń gbọ́ Yúróòpù láàárọ̀, ó ń gbọ́ ọ lálẹ́. Bàbá ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Kí ó gbá bọ́ọ̀lù síbi tí wọ́n ní kó gbá a sí, kó má dán nǹkan kan wò, torí pé ẹni tó ń wá ọmọ kiri lè wà níjókòó. Bí ó bá ṣe àṣìṣe, wọ́n á yọ ọ́ kúrò lórí pápá lójú ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀mí rẹ̀ ò ní bá a mọ́, wọ́n á sì ní ó ti di ọ̀lẹ.

Ọ̀rọ̀ òṣì ńkọ́? Àwọn tó bá gbọ́ àlàyé yìí máa ń sọ pé àwọn aláwọ̀ funfun tó ti yó ló ń sọ ọ́, pé ní Ajégúnlẹ̀, ebi ni akọ́nimọ̀ọ́gbá àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Odion Ighalo gbéra láti Ajégúnlẹ̀ dé Premier League, àwọn ọmọ tó sì ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá Maracana níbẹ̀ lónìí mọ ìtàn náà dáadáa. Ryan àti Deci kò fojú kéré èyí. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kì í ṣe gbogbo ohun tó wá láti ìta ló ń ni èèyàn lára. Ọmọ tó ti ro ó fúnra rẹ̀ pé òun fẹ́ fi bọ́ọ̀lù gba ìyá òun lọ́wọ́ wàhálà owó ilé, tí ìyẹn sì ti di ìpinnu tirẹ̀, lè fi ogún ọdún tẹ̀lé e láìrẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ń halẹ̀ mọ́ ọn, pé bí kò bá dé Yúróòpù, òun ni ìdílé máa dá lẹ́bi, ẹrù ló máa jẹ́ fún un. Ibi tí ìpinnu ti wá ni kókó.

Ìjiyàn wà láàárín àwọn onímọ̀ náà. Judy Cameron àti David Pierce ní Kánádà sọ ní 1994 pé wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ ìdẹ dẹ́rù ba èèyàn jù. Deci, Richard Koestner àti Ryan fèsì ní 1999 lẹ́yìn tí wọ́n kó ìwádìí 128 jọ: ohun tí a lè fọwọ́ kàn, tí a ti ṣèlérí rẹ̀ ṣáájú, ń dín ìfẹ́ tí èèyàn ní sí iṣẹ́ tó dùn mọ́ ọn kù, ọ̀rọ̀ ìyìn tó ń sọ fún un ibi tó ti ṣe dáadáa ń mú un pọ̀ sí i. Iṣẹ́ tí kò dùn mọ́ ẹnikẹ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀, ìdẹ kò rí nǹkan bàjẹ́ níbẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ fún ọmọ lówó kó bá yín gbá àgbàlá, kò séwu.

Ìwé kíkà ni ewu wà. Ìdẹ tó gbòde ní Èkó báyìí ni fóònù: bí o bá gba 300 ní JAMB, màá ra iPhone fún ẹ. Ìfẹ́ òbí ló wà nídìí rẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ọmọ gbọ́: pé ìwé fúnra rẹ̀ kò ní adùn kankan, pé 300 ni nǹkan náà, ọ̀nà yòówù kó gbà dé ọwọ́. Ìgbà tí ọ̀nà ẹ̀bùrú bá yọjú, bí ibùdó tó ń ta ìdáhùn, kí ló kù láti fi dá a dúró?

Èébú burú ju ìdẹ lọ. Ọdún 2025 fi ìyẹn hàn wá lọ́nà tí kò yẹ ká gbàgbé. JAMB gbé èsì jáde ní oṣù Karùn-ún, àwọn tó lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ nínú àwọn bíi mílíọ̀nù 1.9 kò sì gba 200 nínú 400. Kíá, ariwo ta: ọ̀lẹ ni wọ́n, TikTok ti gba orí wọn, olódo ni ìran yìí. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, ọ̀gá àgbà JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé, jáde pẹ̀lú omijé lójú pé àṣìṣe wà nínú ètò kọ̀ǹpútà àwọn. Àwọn ọmọ 379,997 ló kàn. Nínú wọn, 206,610 ló wà ní Èkó níbí, ní ibùdó 65. Wọ́n ní kí wọ́n wá tún ìdánwò ṣe. Àwọn ọmọ wà láàárín wọn tó ti kàwé kára, tí wọ́n sì ti fi ojú ara wọn rí èsì tó sọ pé wọn ò mọ nǹkan kan, tí ìyá, bàbá àti aládùúgbò sì ti gbè é lẹ́sẹ̀. Ta ló padà lọ bẹ̀ wọ́n?

Ibi tí ọmọ bá gbé ìdí ìjákulẹ̀ rẹ̀ sí ló ń pinnu ohun tó máa ṣe tẹ̀lé e. Bó bá gbà pé bí òun ṣe múra ni kò tó, tàbí pé ọ̀nà tí òun gbà kàwé ni kò dára, ó lè yí ìyẹn padà. Bó bá gbà pé orí òun ni kò pé, ó ti tán nìyẹn. Tobi Amusan ṣe ipò kẹrin nínú eré ìje 100 mítà tí wọ́n ti ń fo ìdènà ní Tokyo ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, kò gba àmì-ẹ̀yẹ kankan. Kò pé ọdún kan, ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 2022, ó sáré kan náà ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 ní Eugene ní Amẹ́ríkà, kò sì sí obìnrin tó tíì sáré bẹ́ẹ̀ rí láyé. Ẹsẹ̀ tó gbé e dé ipò kẹrin náà ni.

Ohun tó máa ya ọ̀pọ̀ òbí lẹ́nu ni pé ìyìn náà lè ṣe irú ibi tí èébú ń ṣe. Claudia Mueller àti Carol Dweck fi hàn ní 1998. Wọ́n fún àwọn ọmọ bí ọdún mẹ́wàá sí méjìlá ní ìṣòro láti yanjú, wọ́n sì yìn wọ́n. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé ọpọlọ yín pé gan-an ni, wọ́n sọ fún àwọn kan pé ẹ ti ṣiṣẹ́ kára gan-an ni. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n yan iṣẹ́ tó kàn, ìdá 92 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n yìn fún iṣẹ́ àṣekára yan èyí tí wọ́n á ti rí nǹkan tuntun kọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọlọ́pọlọ pípé yan èyí tí kò ní já wọn kulẹ̀. Wọ́n wá fún gbogbo wọn ní èyí tó le, gbogbo wọn kò ṣe dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n kọ máàkì wọn fún ọmọ ilé-ìwé mìíràn tí wọn ò mọ̀, ìdá 38 àwọn tí wọ́n pè ní ọlọ́pọlọ pípé ló purọ́ máàkì. Nínú àwọn tó gbọ́ ẹ kú iṣẹ́, ìdá 13 ni.

Ẹ má ṣe wá gbà pé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan tó. David Yeager àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán ẹ̀kọ́ tó ń sọ fún ọmọ pé iṣẹ́ àṣekára lè mú ọpọlọ rẹ̀ gbòòrò sí i wò lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó tó 12,000 ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2019: ó ran àwọn tí wọn ò ṣe dáadáa tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ náà kéré, ó sì sàn jù níbi tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn náà ti ka iṣẹ́ tó le sí ohun iyì. Kíláàsì tí ọmọ 80 ti ń há mọ́ra, tí tíṣà ò lè mọ ohun tí ẹnì kan kò yé, ìyìn nìkan kò lè tún un ṣe.

Ìbẹ̀rù ló kù. Ní 1908, Robert Yerkes àti John Dodson ń fi iná mànàmáná kékeré kọ́ eku ní nǹkan. Níbi tí ẹ̀kọ́ ti rọrùn, iná tó lágbára mú eku yára kọ́ ọ. Níbi tí ẹ̀kọ́ ti le, iná líle ba nǹkan jẹ́. Èmi rò pé gbogbo tíṣà tó ń fi pàṣán kọ́ ìṣirò gbọ́dọ̀ ronú lé ìyẹn lórí. Pàṣán lè mú ọmọ tètè dákẹ́. Kò lè mú un yanjú ìdọ́gba.

Ní ti bọ́ọ̀lù, Geir Jordet ará Norway àti Esther Hartman yẹ àwọn pẹnáritì Ife Àgbáyé, ti ilẹ̀ Yúróòpù àti ti Champions League wò. Níbi tí ẹni tó fẹ́ gbá a ti mọ̀ pé bó bá wọlé, àwọn ti borí, ìdá 92 nínú ọgọ́rùn-ún ló wọlé. Níbi tó ti mọ̀ pé bó bá tàsé, àwọn ti pàdánù, ìdá 62 ni. Bọ́ọ̀lù kan náà, póòsì kan náà. Ohun tó wà lọ́kàn ló yí padà. Ẹ̀yin tó wo Eagles àti DR Congo ní ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún 2025, nígbà tí pẹnáritì gba Ife Àgbáyé mọ́ wa lọ́wọ́, ẹ mọ ohun tí mò ń wí.

Sian Beilock àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ohun kan tó yẹ kí gbogbo akọ́nimọ̀ọ́gbá mọ̀. Ní 2002, wọ́n ní kí àwọn agbábọ́ọ̀lù máa fà bọ́ọ̀lù láàárín àwọn kóònù, kí wọ́n sì máa kíyè sí apá ibi tí bọ́ọ̀lù ń kàn lẹ́sẹ̀ wọn. Ó ran àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ lọ́wọ́. Àwọn ògbó bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀, torí pé ohun tí ara wọn ti mọ̀ ọ́n ṣe láìrò ni wọ́n tún wá ń rò. Nítorí náà, “wo ẹsẹ̀ ẹ, wo ẹsẹ̀ ẹ!” tí wọ́n ń kígbe láti ẹ̀gbẹ́ pápá lọ́jọ́ ìdíje, ọmọ tó mọ̀ ọ́n gbá jù ló ń pa lára. Ọjọ́ ìgbáradì ni ká tún ẹsẹ̀ ṣe. Bí wọ́n sì ṣe máa ń sọ pé bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi tòsì fà á mọ́ra, ẹni tó tàsé pẹnáritì nílò ọwọ́ òsì yẹn kíákíá, lórí pápá níbẹ̀, kí bọ́ọ̀lù tó kàn tó dé ẹsẹ̀ rẹ̀.

Fún àwọn tó ń múra WAEC lọ́wọ́, ohun kan wà tí kò ná ẹnikẹ́ni lówó. Gerardo Ramirez àti Beilock tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2011: wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọ gbogbo ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù nípa ìdánwò náà sílẹ̀, kété kí wọ́n tó wọlé. Àwọn tí ẹ̀rù ìdánwò máa ń bà gidi ni ó ràn lọ́wọ́ jù. Máàkì wọn gòkè ju ti àwọn tó fi àkókò yẹn kọ nǹkan mìíràn lọ. Tíṣà lẹ́sìnnì kan ní Mushin tàbí Súrùlérè lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ níbi ìdánwò àdáṣe tó ń bọ̀ yìí. Kó pín ìwé funfun kọ̀ọ̀kan fún wọn, kó ní kí wọ́n má kọ orúkọ, kí wọ́n má sì ro gírámà tàbí àmì. Bó wù wọ́n kí wọ́n fi Yorùbá kọ ọ́, kí wọ́n fi pijin kọ ọ́. Kó má gbà á lọ́wọ́ wọn kà. Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá pé, kí wọ́n ká a, kí wọ́n jù ú sínú garawa ìdọ̀tí tó wà lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n sì wọlé lọ jókòó.